Àpótí Aláriwo Tó Ń Sàba

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀, ẹ ní kó wá bá èmi Fọláṣadé. Èyí tó wà nínú pálọ̀ wa ní Òkè-Ìlá nígbà náà, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Pàkà! Pàkà! Pàkà-pàkà-pàkà! Bí a bá ń jẹun, á dá sí i. Bí a bá ń gbàdúrà, á dá sí i. Àlejò á jókòó jẹ́ẹ́, á gbọ́ pàkà, á sì yíjú sí ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹnì kan mà ń kanlẹ̀kùn o." Èmi á ní, "Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹyin ni."

Ẹyin ni lóòótọ́. Ọkọ mi, Ọmọ́níyì, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ ìjọba. Òun ló gbé àpótí onígi kan wálé láti Ìbàdàn, àpótí tó ń sàba lé ẹyin títí wọn á fi di òrọmọdìyẹ, láìsí adìyẹ kankan nítòsí. Àtùpà oníkẹrosíìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru àtùpà yìí ló sì ń gba inú páìpù wọ inú àpótí. Ooru kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, kí ẹyin má baà di sísè. Kò sì gbọ́dọ̀ kéré jù, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà kú.

Ohun tó ń ṣọ́ ooru náà ni ọkọ mi ń pè ní tẹmositáàtì. Abọ́ idẹ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n sé ẹnu rẹ̀ pa ló wà nínú àpótí. Bí ooru bá ti pọ̀, abọ́ náà á wú, á ti wáyà kan sókè, wáyà á gbé apá irin tó wà lórí àpótí, apá irin á sì ṣí ìdérí kékeré kan lẹ́nu páìpù kí ooru lè bá òkè lọ. Bí inú àpótí bá tutù, ìdérí á padà dé, ooru á sì tún wọlé. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́rì tó gbé e bọ̀ ti bá a já sí kòtò títí ìdérí náà fi tẹ̀, láti ìgbà náà ni kò sì ti lè ṣí tàbí kó dé ní jẹ́jẹ́ mọ́. Ṣe ló máa ń gbọ̀n lẹ́nu páìpù bí ọmọ tó rí ṣíbí àti abọ́ gbà. Ọkọ mi ní òun á tún un ṣe. Ó fi òòlù tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i.

Èmi kò tilẹ̀ bínú sí ariwo náà. Tíṣà ni mí. Ọdún kejì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ la wà, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé. Ẹni tó ti fi etí gba irú èyí láti àárọ̀ dọ̀sán, kí ni pàkà fẹ́ fi í ṣe? A ti fi ẹyin díẹ̀ dán àpótí náà wò, ó sì pamọ. Àwọn ará àdúgbò wá wòran títí ilẹ̀ fi ń mì. Orí mi wú o! Mo ń rìn ní Òkè-Ìlá nígbà náà bí ẹni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi kan àpótí náà.

Ọyẹ́ ọdún yẹn wá dé, àrùn adìyẹ sì bá a dé. Ó gba Ìgèdè-Èkìtì, ìlú ọkọ mi, kọjá bí iná ọyẹ́ ṣe ń gba oko. Àgbébọ̀ á jẹ oúnjẹ àárọ̀, á pa ojú dé nígbà tó bá dọ̀sán, ó tán. Wọ́n ní ìlú náà dé ibi tí kò sí àkùkọ tó máa kọ mọ́ láàárọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì Ìgèdè níwájú ilé wa, igbá ńlá kan mọ́ àyà rẹ̀, eruku sì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Sẹ̀gilọlá ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Kò jẹ́ kí n gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ulé o," ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ṣí igbá. Òwú ló wà nínú rẹ̀, ẹyin mẹ́rìnlá sì wà nínú òwú.

"Gbogbo adìẹ mi ti tán," ó wí. "Ọjọ́ tí mo ń rè ulé ọkọ, ìyá mi fi àgbébọ̀ kan sìn mí. Láti ara ìyẹn ni gbogbo adìẹ tí mo ti ń sìn láti ìgbà náà ti wá. Ìyá mi ti kú. Ohun tó kù nínú ohun tó fún mi ló wà nínú ugbá yìí."

Ìyá Yétúndé, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, ti yọjú. Obìnrin dáadáa ni, àfi pé etí rẹ̀ kì í kọ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Yèyé, adìyẹ mi kan ń sàba lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká kó wọn sábẹ́ rẹ̀."

Yèyé ti fẹ́ dìde tẹ̀ lé e. Ta ló dá a dúró? Èmi ni. "Àrùn ń jà káàkiri," mo wí. "Bí adìyẹ bá kú lórí ẹyin ńkọ́? Àpótí kì í ṣàìsàn o, Yèyé. Ẹ kó wọn fún mi."

Ó wò mí, ó wo àpótí. Nígbà tó yá, ó kó ẹyin náà fún mi bí àgbàsìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ aláyé ti dáyé: ẹni tó ni ẹran á gbé e fún ẹni tó máa sìn ín, bó bá sì bímọ wọ́n á jọ pín in. Àgbàsìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí ó bá kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nítorí àìbìkítà, títí ayé ni ará ilé á máa fi bú u. Èmi sì ni ìyàwó ilé, èmi ni mo sì fẹnu ara mi gba èyí tó jẹ́ ìkẹyìn ìran. Mo mọ ohun tí mo gbé lérí.

Yèyé kò padà sí Ìgèdè. Ó ní òun kò lè fi ẹyin òun sílẹ̀ fún ugi kí òun máa lọ. Ló bá tẹ́ ẹní sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, níbẹ̀ ni òun àti tẹmositáàtì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Yèyé, kì í fi àdúrà àárọ̀ ṣeré. Á kúnlẹ̀, á ké pe Ọlọ́run títí igi àjà á fi máa dáhùn. "Olúwa, pa ẹnu ọ̀tá mọ́!" Pàkà! "Ẹni tó bá ní kí n má sinmi, Olúwa, má jẹ́ kó sinmi!" Pàkà-pàkà-pàkà! Àpótí á ṣe àmín kí àwa tó ṣe é. Èmi á fi gèlè bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi á dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ á máa mì, Yèyé á sì rò pé ẹ̀mí ló gbé e.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ariwo ń dí i lọ́wọ́ lásán ló ń dùn ún. "Ìyàwó," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, "adìẹ tó ń sàba kì í sọ̀rọ̀. O ti rí i rí? Á dákẹ́ ni, á máa wòye. Nínú agbo ulé wa, bí adìẹ bá ti wà lórí ẹyin, a kì í gún odó nítòsí rẹ̀. Ọmọ inú ẹyin ń gbọ́ràn. Bí ó bá ń gbọ́ gbì-gbì-gbì níta, ẹ̀rù á bà á, kò ní jáde." Kò sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ó gbé odó mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Yétúndé, ibẹ̀ ni mo sì ti ń lọ gúnyán bí àlejò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi mú ẹyin kan, ó gbé e sójú iná tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí Yèyé wò ó. Nínú ẹyin pupa yòò náà, ohun dúdú kan yí padà, ó sì ta pútú. Yèyé pariwo. Ó di ọkọ mi mú lápá, ó ń jó, ó ń sunkún, ó ń kọrin ìjọ wọn. Mo rò pé ìjà ti tán nìyẹn. Áà, ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí tó ti rí i pé ọmọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo pàkà ń gún un lọ́kàn. Ó fi àkísà di ìdérí. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ó tú u. Ó fi òwú sí i. A tún yọ ọ́. "Ẹ máa pa wọ́n fún mi nínú ulé yìí," ni ó máa ń wí, á sì káwọ́ lérí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹyin ń pé lọ. Ní Sátidé, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n máa jáde, ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ jáde ní kùtùkùtù lọ sí oko àgbẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìgèdè. Èmi di ẹrù aṣọ ìdọ̀tí, mo gba odò lọ. Ọyẹ́ ọjọ́ náà kò ní àánú. Ètè mi ń là, ìka mi kú sínú omi, kurukuru bo gbogbo òkè. Síbẹ̀ mo ń kọrin, mo ń fọṣọ, inú mi ń dùn bí ẹni tó máa ṣe ìkómọ lọ́la. Mo ti ń ronú ibi tí a ó kó àwọn òrọmọdìyẹ sí.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo dé ẹnu àgbàlá wa pẹ̀lú bàsíà lórí, ara mi sì sọ fún mi pé nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Mo dúró. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá Yétúndé. Mo gbọ́ ewúrẹ́. Mo gbọ́ àwọn tó ń kiri ẹ̀kọ ní ìsàlẹ̀ òpópó. N kò gbọ́ pàkà.

Mo sọ bàsíà kalẹ̀, mo sá wọlé. Yèyé jókòó lórí ẹní rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ sì ń dán. Láti ọjọ́ tó ti dé, n kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Wá gbọ́, ìyàwó," ó wí. "Gbọ́ bí ulé ṣe dákẹ́. Wọ́n ti ń sinmi."

"Yèyé, kí lẹ ṣe sí i?"

"Epo ni mo fún un. Ulẹ̀kùn tó bá ń dún, kí la fi ń pa á lẹ́nu? Epo Ìgèdè ni o, mo yọ́ ọ lórí uná, mo sì rọ ọ́ sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́ Èkìtì, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Epo inú ìgò wa ti dì láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá fẹ́ se ọbẹ̀, a ó kọ́kọ́ gbé ìgò sóòrùn. Yèyé rọ epo gbígbóná sí apá irin náà nígbà tí ìdérí wà lókè. Ó wá ṣí fèrèsé kí èéfín àtùpà lè jáde, atẹ́gùn ọyẹ́ sì wọlé. Epo náà dì mọ́ oríkèé irin àti wáyà, ó pupa, ó nípọn bí ìda. Ìdérí dúró sókè, ó yanu. Àtùpà ń jó dáadáa, gbogbo ooru rẹ̀ sì ń bá òkè àjà lọ. Mo wo tẹmómítà tó ń wọn ooru, ó ti sọ̀ kalẹ̀ pátápátá. Mo ṣí ìlẹ̀kùn àpótí, mo fọwọ́ kan ẹyin kan. Ó tutù bí òkúta odò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọṣọ lórí rẹ̀.

Ẹnu mi yára ju orí mi lọ. Mo figbe ta. "Yèyé, ẹ ti pa wọ́n! Ẹ ti pa gbogbo wọn!"

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní yàrá kejì. Yèyé wò mí, ó wo àpótí, ó na ọwọ́, ó fi ìka kan kan ẹyin. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Kò bínú sí mi, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe lórí ẹní, lórí sìmẹ́ńtì tútù, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Àdúrà ni mo fi rọ epo náà," ó wí.

Mo fò jáde. Adìyẹ Ìyá Yétúndé! Bóyá a ṣì lè kó wọn sábẹ́ rẹ̀! Ìyá Yétúndé pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. N kò tíì bèèrè tó fi mi orí.

"Ó kú lánàá," ó wí. "Mi ò fẹ́ kí Yèyé gbọ́ ni."

Mo dúró níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń sùn, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, òógùn wà níwájú orí rẹ̀. Nínú ọyẹ́ yẹn, òógùn! Mo na ọwọ́, mo ti ìka bọ abẹ́ ọ̀já. Ó gbóná níbẹ̀.

"Ìyá Yétúndé," mo kígbe, "ọ̀já mélòó lo ní?"

Ó rò pé orí mi ti yí. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé mi, ọmọ lẹ́yìn, ọ̀já lọ́wọ́, àwa méjèèjì sì sáré wọlé. Mo tú ìró mi, mo kó ẹyin márùn-ún sí ikùn mi, sí ara gan-an. Yéè! Ó tutù débi pé mo fò sókè. Ìyá Yétúndé fi ọ̀já dì mí, ó sì fi ìró bò ó. Mo kó márùn-ún sí ikùn tirẹ̀ náà, ọmọ lẹ́yìn, ẹyin níwájú. "Olúwa ò, ó ń ta mí bí yìnyín!" ó ń ké, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Mẹ́rin ló kù. Mo gbé wọn tọ Yèyé lọ. Kò gbójú sókè.

"Má fún mi," ó wí. "Ọwọ́ mi ti bà wọ́n jẹ́."

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n."

Kí ni mo máa ṣe? Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ pẹ̀lú ẹyin márùn-ún lára ikùn, mo gbé etí ìró rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń wọṣọ fún ọmọdé, mo sì tẹ́ ẹyin mẹ́rin náà sí ikùn rẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ̀n. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó bò wọ́n. Mo di ọ̀já náà, mo gbé e dìde, a sì mú un lọ sí ilé ìdáná, níbi tí iná tó fi yọ́ epo ṣì wà.

Ẹ wo ara wa o. Obìnrin mẹ́ta yí iná ká lórí àpótí ìjókòó, ikùn gbogbo wa wú, kò sí ẹni tó lè tẹ̀, kò sí ẹni tó lè nà. Èéfín ń ta wá lójú. Lójijì ni imú Ìyá Yétúndé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń kéré. Ọyẹ́ ti wọ̀ ọ́ nímú.

"Má sín o!" mo kígbe.

"Mo... mo... mo fẹ́..."

"Di imú ẹ! Dì í! Ẹyin márùn-ún ló wà níbẹ̀!"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di imú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Èémì náà wá wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ tí Yèyé ṣe "hẹ̀n" ní imú. Kì í ṣe ẹ̀rín o, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn.

Bí ọkọ mi ṣe bá wa nìyẹn. Ó ti kẹ̀kẹ́ wọ àgbàlá, ó yọjú sílé ìdáná, ó rí ìyá rẹ̀, ó rí ìyàwó rẹ̀, ó rí Ìyá Yétúndé, gbogbo wa di ikùn mú. Ó la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Ẹ má wò wá!" mo wí. "Àpótí ni kẹ́ ẹ lọ wò! Epo ti dì mọ́ tẹmositáàtì, ó ṣí, kò dé mọ́!"

Kò bèèrè ohun kan mọ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń sáré, mo gbọ́ bó ṣe ń da omi gbígbóná, mo gbọ́ àkísà àti kẹrosíìnì. Ó ń nu oríkèé irin náà, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ẹṣin. Iná ń jó. Ẹyin tó wà lára mi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mira, kò sì sí ohun tó ń ṣe nínú wọn. Mo ń ka orúkọ Ọlọ́run.

Pàkà!

Yèyé gbórí sókè.

Pàkà! Pàkà-pàkà-pàkà!

"Ó ti sọ̀rọ̀!" Yèyé ké. "Ògo! Ó ti sọ̀rọ̀! Máa pariwo, ọmọ Ìbàdàn, máa pariwo lọ!" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, a sì tún ń di ikùn mú pé kí ẹ̀rín má fọ́ ẹyin.

Ọkọ mi wá. Ó ní àpótí ti ń gbóná bọ̀, ká máa kó wọn padà. Ìyá Yétúndé tú tirẹ̀. Ọkọ mi gbé wọn sétí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbé wọn lọ sínú àpótí láìsọ nǹkan kan. N kò fẹ́ràn bó ṣe dákẹ́. Ó kan èmi. Mo ti ń tú ọ̀já nígbà tí Yèyé na ọwọ́.

"Ẹ dákẹ́."

A dákẹ́.

"Ó ń ṣe mí bákan," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Nǹkan ń họ mí ní ukùn." Ó fọwọ́ lé ibẹ̀. Ó dúró. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. "Ó tún họ mí! Ọmọ́níyì! Ó ń họ mí!"

Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó gbé etí lé ikùn ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ó ń dún. Ìyá mi, ó ń dún nínú rẹ̀!" Ó ní kí a tú u kí ó gbé e lọ sínú àpótí. Yèyé gbá a lọ́wọ́.

"Kúrò níbẹ̀! Ẹni tó ń rọbí ni wọ́n máa ń ní kó dìde máa rìn kiri? Ẹnikẹ́ni kò ní gbé mi níbi tí mo wà!"

Ó jókòó bẹ́ẹ̀ níwájú iná, ó ya itan, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì sí ẹni tó lè mú un kúrò. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́, wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan ní, "Ẹ kú ewu o." Ẹlòmíràn ní, "Kò tíì bí i." Yèyé ń mí gúlegúle, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń kọrin. Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa nígbà tó tú etí ìró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A rí èèpo ẹyin tó ti là sí méjì. Láàárín ẹyin tó kù, ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí omi ṣì wà lára rẹ̀, tó rí játijàti, ojú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ó la ẹnu. "Pìyọ́," ó wí.

Ilé gba ariwo. Ìyá Yétúndé fò sókè, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọkọ mi sáré dé ìdí àpótí, ó sì ń kígbe láti pálọ̀ pé méjì nínú àwọn tí òun kó padà ti ń dún, pé ọ̀kan ń sọ èèpo rẹ̀ níbẹ̀. Èmi kò lè dìde. Ẹyin márùn-ún ṣì wà lára mi.

Yèyé gbé òrọmọdìyẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi etí ìró nù ún. Ó wò ó títí, ó wá gbójú sókè, ó wò mí.

"Ìyàwó."

"Yèyé mi."

"Láàárọ̀, nígbà tí o ti odò dé, kí lo ní mo ṣe fún wọn?"

Mo fi ọwọ́ ti ikùn mi, mo kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n má fọ́ nǹkan.

"Mo ní ẹ̀yin lẹ bí wọn, Yèyé."

"Bẹ́ẹ̀ lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

Ó yí ojú sí Ìyá Yétúndé, ẹni tó gbọ́ igbe mi láti yàrá kejì, tí etí rẹ̀ kì í kọ ọ̀rọ̀. "Ìyá Yétúndé, ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí?"

Ìyá Yétúndé wò mí, ó wo Yèyé. "Bẹ́ẹ̀ náà ló wí," ó dáhùn. "Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ."

Yèyé mi orí.

"Èmi náà rò pé bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ọ," ó wí, ó sì gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.